Fún àbúrò tó fẹ́ lọ kọ́ èdè Ṣáínà ní Taipei

Àbúrò, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní Maryland lo ti ń kàwé, o ti kọ́ èdè Ṣáínà díẹ̀, o wá fẹ́ fi ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ lọ kọ́ ọ tọ̀sán-tòru. O ò mọ̀ bóyá Beijing ní Ṣáínà ló dáa ni àbí Taipei ní Taiwan, o sì ń rò ó bóyá Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé yín máa wúlò. Èmi náà ti jẹ irú ìyà yẹn rí ní Taipei.

Ti ìlú ò le. Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà ti dá ètò ìkọ́ èdè tiẹ̀ sílẹ̀ ní Beijing láti 1993, àwọn tó tibẹ̀ jáde sì mọ̀ ọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ní 2022, Yunifásítì Harvard kó tiẹ̀ kúrò ní Beijing lọ sí Taipei. Tó o bá lọ Taipei, àmì ìkọ̀wé àtijọ́ tí ìlà wọn pọ̀ rẹpẹtẹ lo máa kọ, kì í ṣe èyí tí ìjọba Ṣáínà dín kù láwọn ọdún 1950. Ọwọ́ á ro ẹ́.

Ní ti ohùn, inú ẹ á dùn. Ohùn mẹ́rin ni wọ́n ní. Ìkíní, ohùn òkè tiwa ni. Sọ “ìwé”, kó o gbọ́ bí ohùn ẹ ṣe ń gòkè lórí “wé”: ìkejì nìyẹn. Sọ “rárà”, bí “rà” ṣe ń já wálẹ̀ ni ìkẹrin. Ìkẹta ò jìnnà sí ohùn ìsàlẹ̀ wa, àfi tí méjì ẹ̀ bá tẹ̀ léra. Àkọ́kọ́ á di ohùn kejì, ìdí nìyẹn tí “nǐ hǎo” fi ń dún bíi “ní hǎo”. Ohùn àárín ló máa dá ẹ lágara. Wọn ò ní in, tó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ẹnu ẹ máa sá lọ.

Kíláàsì fúnra ẹ̀, wàá fara dà á: ìwọ àti èèyàn bíi mẹ́ta, wákàtí kan tí ìwọ nìkan máa dojú kọ olùkọ́, àpèkọ láràárọ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá dòru. Wọ́n á ní kó o fọwọ́ sí i pé o ò ní sọ Gẹ̀ẹ́sì. Pa àdéhùn yẹn mọ́. (Wọ́n máa ń gbà kéèyàn pe ilé, màmá mi kúkú ò gbọ́ Ṣáínà.) Ohun tí wọn kì í sọ ni pé tí ẹ̀yin ọmọ Amẹ́ríkà bá ń bára yín sọ Ṣáínà ní họ́sítẹ́lì látàárọ̀ dalẹ́, àṣìṣe ara yín lẹ̀ ń kọ́. Ẹ ó gbọ́ra yín yé kedere, ará Taipei ò ní gbọ́ yín.

Nítorí náà, olùkọ́ ẹ lè má fẹ́ gbọ́ èyí: jẹ́ kí máàkì àpèkọ ẹ wálẹ̀ díẹ̀, kó o jáde síta. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àárọ̀ ni tèmi. Ìyá tó ń dín dànbǐng, ìyẹn ẹyin tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ wé, kò ní gbójú sókè tó fi máa bi ẹ́ pé “nèiyòng, wàidài?”, ṣé ibí lo ti máa jẹ ẹ́ àbí o máa gbé e lọ. Kó o tó ro gírámà tán, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ ti sanwó. Owó gan-an tún nìyẹn: ọ̀pọ̀ wọn kì í pe “sh” tán, bí àwọn Ìbàdàn ṣe ń pe iṣu ní “isu”. “Shí”, ìyẹn ẹ̀wá, á di “sí”, “sì” sì ni ẹ̀rin. Ohùn nìkan ló kù tó máa sọ èwo lo máa san fún ẹ.

Wọ́n á bi ẹ́ níbi tó o ti wá. Tó o bá ní Amẹ́ríkà, àwọn kan á tún un bi. Má bínú. Bí bàbá mi ṣe kúrò ní Ìwó dé Amẹ́ríkà ni ìtàn àkọ́kọ́ tí mo lè sọ láìkólòlò ní Ṣáínà, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Má rò pé ọlidé kan á parí ẹ̀ o. Wákàtí kíláàsì bíi 2,200 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ń kà fún èdè yìí. Ti Spanish ò tó ìdajì ẹ̀. Ní ti físà, pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà á gbé ẹ wọ Taiwan fún 90 ọjọ́ láìgba nǹkan kan. Tó o bá máa lo ọdún kan, èyí tí èmi fara mọ́ jù, lọ gba ti akẹ́kọ̀ọ́ kó o tó kúrò nílé.