Irú iná wo lẹ ń lò? Ibẹ̀ ni páànù kéèkì ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Ẹ ní ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kéèkì títà, pé inú ìkòkò oníyanrìn lórí gáàsì lẹ ti ń yan án, ẹni tó ń ta páànù sì ní kí ẹ ra dúdú tí kéèkì kì í lẹ̀ mọ́, pé òun ló dára jù. Ọjà ni onítọ̀hún ń tà. Ẹ má tíì rà á.

Kì í ṣe pé non-stick burú. Ohun tí wọ́n fi kùn ún kì í yọ èèyàn lẹ́nu bí ooru kò bá kọjá 260 dígírì (Celsius ni gbogbo dígírì tí mo bá dá níbí), kéèkì kò sì nílò ju 160 sí 180 lọ. Nínú oven tó ní bọ́tìnnì ooru, ọkàn mi balẹ̀. Ìkòkò oníyanrìn ni kò ní ẹni tó máa sọ fún un pé ó tó. Ẹ tanná sí i, ẹ dé e pé kó gbóná, oníbàárà pè yín sórí fóònù, ọ̀rọ̀ gùn. Bí páànù òfìfo bá wà nínú rẹ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, tó wá gbóná kọjá ààlà, èéfín tí yóò máa tú jáde lè pa ẹyẹ tí wọ́n ń sìn nínú ilé, ó sì lè mú kí ara èèyàn máa gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Alumíníọ̀mù funfun lásán ni kí ẹ rà, èyí tó nípọn, tí etí rẹ̀ kì í tẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ooru máa ń rìn káàkiri ara rẹ̀ dọ́gba. Dúdú a máa gba ooru jù: ìdí kéèkì á ti pọ́n kọjá, àárín rẹ̀ á ṣì máa mì. Bí ẹ bá ti ní dúdú nílé, ẹ jẹ́ kó wà fún oven, kí ẹ sì dín ooru kù ní nǹkan bíi dígírì 15.

Ẹ wò ó dáadáa o, nítorí oríṣi méjì wà tó jọ ọ́ lójú. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn tó ń da ìkòkò ń rọ. Ó nípọn, ó sì pẹ́ láyé, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, rédíétọ̀ àti ohunkóhun tí àwọn tó ń ra irin kiri bá gbé wá ni wọ́n ń yọ́ pọ̀. Òjé lè wà níbẹ̀. Fífọ̀ kì í mú un kúrò, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Èmi fi tèmi ṣe ìkòkò yanrìn, oúnjẹ kì í kàn án. Ìkejì ni èyí tí wẹ́dà fi páànù ìbolé onízinc ká. Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọ̀pẹ òyìnbó inú kéèkì á máa jẹ zinc náà kúrò lára rẹ̀.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ́ sínú páànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Yíǹkì wà lára rẹ̀. Bọ́tà àti fúláwà tó.

Ní ti ìwọ̀n, ínṣì 8 tó ga ní 3 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé 10 fi díẹ̀ jù ú lọ: kéèkì pípò tó kún páànù 8 kan ààbọ̀ ni 10 ń gbà, ó tún lé díẹ̀. Ẹ má sì pò ó kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta páànù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn inú ìkòkò yín, kí ààyè bí ìka méjì wà yíká páànù. Ẹ má gbé e lé yanrìn gan-an, orí irin tàbí òkúta pẹlẹbẹ ni.

Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ má fi ra páànù kejì. Ẹ ra tẹ̀mómítà inú oven, ẹ gbé e sórí irin yẹn kí ẹ tó gbé kéèkì wọlé. Tó bá ti ń súnmọ́ 180, ẹ rẹ iná sílẹ̀.