Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ Yọ Ayùn Ẹ̀yìn Àdá Yẹn Kúrò

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ àdá ló pọ̀ jù nínú wọn: ẹni tó fẹ́ wọ igbó, tí kò sì fẹ́ ru irin márùn-ún. A mú díẹ̀ nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwa mẹ́rin là ń lọ ka igi nínú igbó Ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ kí alágbẹ̀dẹ bá mi rọ ohun kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ àdá, ayùn, ọkọ́ àti ọ̀bẹ. Mo ti yà á sórí ìwé: eyín ayùn wà lẹ́yìn rẹ̀, èèkù rẹ̀ ṣófo kí n lè kó ìṣáná sí i, ìdí èèkù sì jẹ́ hámà. Kí lẹ rí sí i? — Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ igbó, Abẹ́òkúta

Àwòrán yín wu ojú, kò ní wu ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ayùn gidi, irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, eyín rẹ̀ sì yà, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, kí ojú ibi tó ń gé lè fẹ̀ ju ara irin lọ. Eyín tí wọ́n bá gé sẹ́yìn àdá tó nípọn tó mìlímítà 5 kò lè yà bẹ́ẹ̀. Bó bá wọ igi díẹ̀, igi á dì í mú, ẹ ó kàn máa họ èèpo ni. Èyí tó burú jùyẹn lọ ni pé ìsàlẹ̀ eyín kọ̀ọ̀kan ni irin ti máa ń sán. Ẹ̀yìn àdá yẹn náà sì ni ẹ ó máa fi kùmọ̀ lù nígbà tí ẹ bá fẹ́ la igi ìdáná. Ẹ ra ayùn kékeré tó ń ká, ẹ fi sápò.

Èèkù tó ṣófo ńkọ́? Irin inú rẹ̀ ti dópin níbi tí agbára ti pọ̀ jù, ibi ìsopọ̀ nìkan ló wá ń jìyà. Ẹ di ìṣáná sínú ọ̀rá. Ní ti hámà, ẹ di èèkù mú bí ẹni fẹ́ fi ìdí rẹ̀ kan ìṣó, kí ẹ wo ibi tí ẹnu àdá, ìyẹn ṣóńṣó rẹ̀, kọjú sí. Ojú yín ni.

Ohun tí àdá kan lè ṣe dáadáa kò ju méjì lọ: kó bẹ́ igi, kó sì gbẹ́ igi. Iṣẹ́ méjèèjì kì í fẹ́ ojú kan náà, nítorí náà ẹ pín ojú irin náà sí mẹ́ta. Sẹ̀ǹtímítà 7 tó sún mọ́ èèkù jù, kó tọ́ gbọọrọ, kó sì fẹ́lẹ́, kí ẹ pọ́n ọn ní dígíríì 15 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan: ibẹ̀ lẹ ó fi fá igi, tí ẹ ó fi gbẹ́ èèkàn, tí ẹ ó fi họ ẹran. Sẹ̀ǹtímítà 15 tó tẹ̀ lé e, kó yọ ikùn díẹ̀, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, kí ẹ pọ́n ọn ní dígíríì 22: ibẹ̀ ló ń bẹ́ igi. Èyí tó kù sí ẹnu jẹ́ ti lílu ihò àti ti bíbó nǹkan.

Gbogbo ojú irin náà kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28, èèkù 13. Kó nípọn tó mìlímítà 5 nídìí, kó máa fẹ́lẹ́ bọ̀ títí dé mìlímítà 3 lẹ́nu. Ẹ má fojú kéré fífẹ́lẹ́ yẹn. Bí ẹnu àdá bá wúwo, ọrùn ọwọ́ yín ni yóò sanwó rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Bí ẹ bá gbé e lé ìka kan ní sẹ̀ǹtímítà 5 síwájú èèkù, kó dúró láìṣubú. Pẹ̀lú èèkù, ìwúwo rẹ̀ yóò wà láàárín gíráàmù 500 sí 550.

Ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó sún mọ́ èèkù, ẹ fi fáìlì gbá a títí etí rẹ̀ yóò fi mú bí etí rúlà irin. Òun lẹ ó fi ha ọ̀pá ìṣáná tí wọ́n ń pè ní ferro rod, òun náà lẹ ó fi fá èèpo igi láìfọwọ́ kan ojú àdá. Ẹ má fi àdá gbẹ́lẹ̀. Yanrìn á pa ojú rẹ̀ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ẹ fi bẹ́ ọ̀pá tó le, tó gùn bí apá, ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, òun ni ọkọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Igbó Ọmọ kún fún ìtàkùn àti igi tútù, àdá ọjà tó fẹ́lẹ́ tó mìlímítà 2 máa ń ṣe é ju eléyìí lọ. Èyí tí a ń ṣàlàyé yìí dára jù fún ibi tí igi ti gbẹ tó sì le, bíi ti Òkè-Ògùn. Bó bá jẹ́ Ọmọ nìkan lẹ ń lọ, ẹ ra àdá ọjà, kí ẹ fi ọ̀bẹ kékeré kan kún un. Owó yín á kù.

Ẹ̀yin ọ̀gá, iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Mo fi síríǹgì ọkọ̀ rọ àdá, mo mú un gbóná pupa, mo tì í bọ omi, ó dún kàù, ilà kan sì là á láti ojú dé àárín. Èkejì kò sán, àmọ́ ó kán nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ mi sórí sìmẹ́ńtì. Kí ni mo ṣe? — Ògbómọ̀ṣọ́

Omi ló ṣe ti àkọ́kọ́. Síríǹgì pẹlẹbẹ abẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ irin tí wọ́n ń pè ní 5160: kábọ̀n inú rẹ̀ tó nǹkan bí 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, kúrómíọ̀mù díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Irú irin yìí kò nílò kó tutù kíákíá kó tó le. Bó bá wọ omi, ara òde á le gbagidi nígbà tí inú ṣì gbóná. Nígbà tí inú bá wá ń le, á fẹ́ wú, òde kò sì lè fàyè gbà á mọ́. Kàù tí ẹ gbọ́ yẹn nìyẹn. Òróró ló fẹ́.

Ti èkejì, ẹ mú un le, ẹ kò wá dẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni pé ẹ kò tún un yan lórí ooru díẹ̀ kí líle rẹ̀ lè dín kù. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú òróró dà bí gíláàsì.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ yẹ síríǹgì náà wò, nítorí èyí tí wọ́n jù sílẹ̀ lè ti sán láìhàn sójú. Ẹ fá ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ nù ún gbẹ féfé, kí ẹ wá lọ ṣọ́ọ̀kì funfun lé e lórí. Bí ilà bá wà níbẹ̀, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ á yọ padà, ẹ ó rí okùn dúdú tín-ín-rín lójú ṣọ́ọ̀kì. Ẹ jù ú nù.

Ẹ mú un pupa, ẹ rì í mọ́ inú eérú gbígbóná di ọjọ́ kejì, á rọ̀ débi tí fáìlì á lè jẹ ẹ́. Ẹ rọ ọ́, ẹ lu ihò èèkù báyìí, torí dírílì kò ní wọ ọ́ mọ́ tó bá le. Igun inú èyíkéyìí, pàápàá ibi tí ojú àdá ti pàdé èèkù, ẹ fi fáìlì róbótó gbẹ́ ẹ kó ká bí èékánná. Igun tó mú ni ilà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú àdá, ẹ má pọ́n ọn tán: ẹ jẹ́ kó ku mìlímítà 1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á wọ́ nínú òróró.

Lábẹ́ òjìji lẹ ti gbọ́dọ̀ ṣe èyí tó kù, oòrùn kì í jẹ́ kéèyàn rí àwọ̀ iná. Ẹ mú un gbóná títí òòfà kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, ẹ gbé e jáde kó tutù fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un mú gbóná. Bí òòfà bá ti já, ẹ fi ẹwìrì fín in díẹ̀ sí i kí pupa rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tì í bọ òróró. Bó bá ń ta pàrà bí iná ọdún, ẹ ti sun ún, kò wúlò mọ́. Òróró ẹ̀pà lítà 5 tó, nínú agolo irin tó jìn, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yá a títí yóò fi gbóná bí omi ìwẹ̀ tí kò ṣeé dà sára. Òróró tútù ki, kì í tètè gba ooru lára irin. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò ń ṣiṣẹ́, àmọ́ èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnu ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ máa tì í síwá-sẹ́yìn. Bí ẹ bá fi gbá sọ́tùn-ún sósì, á wọ́. Ẹ jẹ́ kí ìderí agolo wà nítòsí, torí òróró lè gbiná.

Fi fáìlì kan ojú rẹ̀: bó bá yọ̀ bí ẹni ń fi fáìlì họ gíláàsì, ó ti le. Láàárín wákàtí kan, ẹ gbé e sínú ófùnù ní dígíríì Celsius 230 fún wákàtí méjì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má gba nọ́ńbà ara ófùnù gbọ́, ẹ ra tẹmómítà. Bó bá tọ́nà, ibi tí ẹ ti fá mọ́ á ní àwọ̀ oyin tó ń lọ sí ti ṣokoléètì. Bó bá di aró, ó ti rọ̀ jù fún ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn lè jẹ́ aró láìséwu.

Nígbà tí ẹ bá lò ó, ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ á sọ̀rọ̀. Bó bá yọ eyín, ó le jù, ẹ tún un yan ní dígíríì 250. Bó bá tẹ̀ bí etí pépà, ó rọ̀ jù, àfi kẹ́ ẹ tún un mú le.

Tí gbogbo èyí bá pọ̀ jù, ẹ má mú síríǹgì gbóná rárá. Ẹ wá èyí tó tọ́ jù nínú wọn, ẹ fi ẹ̀rọ fáìlìn gé e sí ìrísí àdá, kí ẹ máa rì í sínú omi ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú kó má gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà. Líle tó ti ní láti ilé iṣẹ́ á kù síbẹ̀. Ojú rẹ̀ á máa tètè kú, àmọ́ kò ní kán.

Èèkù àdá mi ti ń mì, ọwọ́ mi sì ń bó. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì kùn ún ní vánìṣì tó ń dán. — Àgbẹ̀, Ṣakí

Igi yẹn kò gbẹ nígbà tí wọ́n kàn án. Ó ti wá gbẹ tán, ó sún kúrò lára ìṣó. Vánìṣì ló sì ń bó ọwọ́ yín. Àyìn ni kí ẹ wá, ó le ju ìrókò lọ, ẹ sì ní in nítòsí. Ẹ là á sí pẹlẹbẹ sẹ̀ǹtímítà 1.2, kó wà nínú ilé fún oṣù mẹ́fà. Irin àdá gbọ́dọ̀ gba inú èèkù kọjá dé ìdí. Ẹ fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ igi náà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi ìṣó idẹ mẹ́ta, mìlímítà 5, dè é. Ẹ lu orí ìṣó náà pẹ̀lẹ́, torí bí ẹ bá lù ú jù, igi á là. Ẹ gbẹ́ èèkù náà bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀, kò gbọdọ̀ róbótó bí ọ̀pá, kí ọwọ́ lè mọ ibi tí ojú kọjú sí lókùnkùn. Kí ìdí rẹ̀ ká díẹ̀ bí ẹnu ẹyẹ, kó má yọ̀ bọ́. Òrí tàbí àdí lẹ ó fi pa á, ẹ gbàgbé vánìṣì.

Ṣé irin tí kì í dípẹtà kò dára jù? — Èkó

Fún ọ̀bẹ kékeré tàbí etí òkun, bẹ́ẹ̀ ni. Fún àdá, rárá: alágbẹ̀dẹ kò lè fi iná èédú mú un le bó ṣe yẹ, ó sì ṣòro láti pọ́n nínú igbó.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn fẹ́ fi àdá ránṣẹ́ sí mi, kí n lè máa gbé e lọ pàgọ́ ní Wales. Ṣé òfin gbà á? — Peckham, London

Ẹ ṣọ́ra gidi. Láti ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, òfin England àti Wales ti ka níní àwọn àdá kan léèwọ̀, kódà nínú ilé. Àwọn tó kàn ni èyí tí ojú rẹ̀ ju ínṣì 8 lọ, tó ní ojú geere àti ẹnu ṣóńṣó, tó sì tún ní eyín ayùn, tàbí ihò tó ju ẹyọ kan lọ lára ojú irin, tàbí ẹ̀gún irin, tàbí ẹnu ṣóńṣó tó ju méjì lọ. Àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́òkúta yẹn ì bá ti kó yín sí wàhálà. Èyí tí a júwe, ojú geere kan, tí kò ní eyín, tí ihò rẹ̀ sì wà nínú èèkù nìkan, kò sí lára wọn. Síbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ gbé e jáde láìní ìdí pàtàkì. Bó bá jẹ́ pé ibi àgọ́ lẹ ń lọ lóòótọ́, ẹ dì í sí ìsàlẹ̀ ẹrù, kí ẹ sì gbé e sílé bí ẹ bá ti dé. Kó má ṣe sùn nínú ọkọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè pọ́n àdá nínú igbó? — Ìṣẹ́yìn

Fáìlì kékeré kan àti òkúta ìpọ́n olójú méjì tó. Ẹ fi ẹnu àdá gún ìtì igi, kí ẹ gbé orókún lé ẹ̀yìn èèkù kó má mì. Fáìlì kò gbọdọ̀ lọ kó sì bọ̀ lórí irin: ẹ tì í lọ, ẹ gbé e sókè, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá fi ìka pa ẹ̀gbẹ́ kejì tí ẹ sì gbọ́ irun irin tó ń họ ìka, ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ yẹn. Sẹ̀ǹtímítà 7 ìdí, òkúta nìkan ni kó kàn án. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ wálé, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àkọ̀ awọ: ọ̀rinrin inú awọ ló ń mú irin dípẹtà ju òjò lọ.