Oṣù mẹ́rin, egbò ẹsẹ̀ màmá kò jiná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Màmá mi ní àtọ̀gbẹ, wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Tákíè, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí egbò ti wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò. Kò dùn wọ́n rárá. À ń tú kápúsù dà sí i, kò jiná. Àwọn ẹbí ní wọ́n ti tẹ nǹkan ni. Ẹ̀rù sì ń bà wá pé bí a bá gbé wọn dé ilé ìwòsàn, gígé ni wọ́n máa gé e.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Pé kò dùn wọ́n yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ṣúgà bá ga nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ó máa ń ba iṣan tí a fi ń mọ ìrora jẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ẹsẹ̀ mọ́. Ẹni tí egbò ń dùn á máa tiro. Màmá ò tiro. Wọ́n ń tẹ egbò lọ sọ́jà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Nǹkan tí wọ́n ń tẹ̀ nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ́ ògiri tí ewúrẹ́ ń fara nù ún kó tó gbẹ. Kò sí oògùn tí yóò jẹ́ lórí egbò tí a ń rìn lé.

Nítorí náà, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ yẹn kúrò nílẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ọjà ò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò bá wọn tà á. Nílé ìwòsàn, wọ́n lè fi POP (ẹfun líle tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán) tàbí bàtà àkànṣe gba ìwúwo kúrò lójú egbò, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ dáadáa. Ilé ìwòsàn ńlá LAUTECH àti ti Bowen wà nítòsí yín. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìlùkìkì ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wò, kí wọ́n ya X-ray bóyá egbò ti wọ eegun, kí wọ́n sì gé awọ tó ti kú létí egbò kúrò.

Ẹ jáwọ́ nínú kápúsù. Ńṣe ló ń di èépá tí ọyún ń sá pamọ́ sí. Bí kòkòrò bá ti wọ egbò, dókítà ló máa kọ oògùn tí wọ́n máa lò. Kò sí háídírójìn (hydrogen peroxide) tó ń hó, kò sí omi gbígbóná: á bó wọn, wọn ò ní mọ̀. Ẹ má sì fi ebi pa wọ́n nítorí ṣúgà. Kí àmàlà dín kù, kí ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà wà ńbẹ̀, kí wọ́n sì máa lo oògùn ṣúgà wọn déédéé.

Ní ti gígé, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gé ló ti pẹ́ nílé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bó bá ń dúdú, tó ń rùn, tó wú, tàbí tí ibà dé, ẹ má dúró di àárọ̀. Bí ìtọ́jú tòótọ́ bá pé ọ̀sẹ̀ 4 tí egbò ò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì, ẹ ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ àti eegun yẹ̀ wò. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ kejì náà.