Dino 246 tàbí Ferrari 308: èwo ni kí n rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Manchester ni mò ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ àtijọ́ méjì ló wọ̀ mí lójú: Dino 246 GT ọdún 1972, tí ẹni tó ń tà á ní ó fẹ́ "àtúnṣe díẹ̀", àti Ferrari 308 GTB ọdún 1976 tó ń rìn dáadáa. Iye tí wọ́n ń pè wọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ìyàwó mi ní kí n bi yín kí n tó náwó. (B. A.)

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, wọ́n ṣeun. Ẹ ra 308.

Dino tó dáa máa ń wọ́n ju 308 lọ fíìfíì. Tí iye wọn bá wá súnmọ́ra, a jẹ́ pé ara Dino yẹn kò yá. Iṣẹ́ panẹbítà ni mo fi jẹun nílùú ọba yìí, mo mọ ohun tí iyọ̀ ojú títì ń fi irin ṣe nígbà òtútù. Irin ni ara Dino, ọwọ́ ni wọ́n sì fi parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Scaglietti, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ara ọkọ̀ ní Modena, nítorí náà ìlẹ̀kùn tí ẹ bá rà síta kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń gbé kọ́. Ẹ fi aṣọ wé mágnẹ́ẹ̀tì kékeré, kí ẹ fi wọ́ ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn àti etí ibi tí táyà wà. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, fíllà ni wọ́n fi bo ìpáàrà níbẹ̀.

Lóòótọ́, Dino ló rẹwà jù. Orúkọ Dino, ọmọ Enzo Ferrari tó dá ilé iṣẹ́ Ferrari sílẹ̀, ni wọ́n fún un; ọmọ náà kú ní 1956. Kò sì ní àmì ẹṣin Ferrari nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Tí ẹ bá rí ẹṣin lára èyí tí wọ́n ń tà, ẹnì kan ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

308 ti 1976 ní tirẹ̀, fíbà ni ara rẹ̀, èyí tí àwọn ará Ítálì ń pè ní vetroresina. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí i sí irin, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kó ọkọ̀ jọ fi ń wá oní-fíbà lójú méjèèjì. Mágnẹ́ẹ̀tì yín kò ní lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ rárá. Àmọ́ irin ni férémù abẹ́ rẹ̀, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? V6 (oní-sìlíńdà mẹ́fà) ni Dino, ṣéènì ló fi ń yí ohun tó ń ṣí fáàfù. V8 (oní-sìlíńdà mẹ́jọ) ni 308, bẹ́líìtì rọ́bà méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn níbẹ̀. Tí ọ̀kan bá já lójú ọ̀nà, fáàfù á kọlu pístìnì, owó ńlá ti dé nìyẹn. Ẹ béèrè rìsíìtì ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí kò bá sí, ẹ yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí wọ́n pè é.

308 yìí ti lé ní 40 ọdún, nítorí náà MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún nílùú ọba, kò pọn dandan fún un bí wọn kò bá tíì yí i padà kọjá ààlà. Ẹ ṣáà ní kí wọ́n ṣe é kí ẹ tó sanwó. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sókè, ẹ̀yin náà á bẹ wọ́n kí ẹ wo férémù yẹn fúnra yín.