Afẹ́fẹ́ tó yí padà nígbà tí bàálù fẹ́ balẹ̀

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ bàálù. Ó sọ fún mi pé bàálù kékeré kan forí gbálẹ̀ níbi tó ti ń balẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ yí padà lójijì, bẹ́ẹ̀ ìjì kankan kò jà lọ́jọ́ náà. Báwo ni afẹ́fẹ́ tí kò ṣí òrùlé ẹnikẹ́ni ṣe lè gbé bàálù ṣubú? Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, Ìyá wa. Bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó kọ́ ni ewu tó tóbi jù fún bàálù kékeré, bí kò ṣe bí ó ṣe ń yí padà. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lára ìyẹ́ ló ń gbé bàálù dúró, ìdí nìyí tí awakọ̀ fi máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ bí ó bá fẹ́ balẹ̀. Ẹ wo Cessna 172 tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́: bí ó bá ń bọ̀ wá balẹ̀, eré rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ máa ń tó kìlómítà 115 ní wákàtí kan, bí ó bá sì já sí nǹkan bíi 90, ìyẹ́ rẹ̀ kò ní lè gbé e mọ́. Bí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ níwájú rẹ̀ ní kìlómítà 30 bá dákẹ́ lójijì, 115 ti di 85 kí ẹ́ńjìnnì tó rí àyè fi kún eré, nígbà tí ilẹ̀ sì ti sún mọ́lé. Igi tàbí ilé ńlá tó wà létí ọ̀nà ìbalẹ̀ lè dí afẹ́fẹ́ báyìí, kódà nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Bàálù ńlá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tó ń yí padà lójijì. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1985, bàálù akérò Delta 191 wọ inú òjò bí ó ti ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, níbi tí afẹ́fẹ́ líle ti ń já bọ́ láti inú ìkùukùu, tó sì ń fọ́n káàkiri bí ó bá ti kan ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà kọ́kọ́ kọlu bàálù náà láti iwájú, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó wá yí sẹ́yìn rẹ̀. Ènìyàn 137 ló kú, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ń wa mọ́tò tirẹ̀ lọ lójú títì. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí pé Tetsuya Fujita, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Japan, ti ṣàlàyé irú afẹ́fẹ́ yìí lẹ́yìn ìjàǹbá bàálù ọdún 1975 ní New York. Lẹ́yìn ti Dallas ni ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí bàálù ńlá akérò máa ní ẹ̀rọ tó ń kéde afẹ́fẹ́ náà fún awakọ̀. Bàálù tí a fi ń kọ́ṣẹ́ kì í sábà ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ojú àti ọwọ́ ọmọ yín ni yóò ṣiṣẹ́ náà. Kí ó máa wo àpò aṣọ gígùn tí wọ́n so mọ́ òpó létí pápá láti fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ó sì fi díẹ̀ kún eré rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ségesège. Bí táyà bá kan ilẹ̀ tó ta padà sókè, kí ó má ṣe ti imú bàálù wálẹ̀ tipátipá, nítorí táyà iwájú ni yóò kọ́kọ́ gbá ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kán, kí bàálù sì dojú dé. Kí ó fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára, kí ó tún gbéra, kí ó yí po wá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ bi í bóyá olùkọ́ rẹ̀ ti jẹ́ kí ó ṣe èyí lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá tíì ṣe é, kí ó béèrè fún un kí wọ́n tó jẹ́ kí ó dá nìkan wà á.