Béèrè Lọ́wọ́ Olùkọ́: Pátákó Olówó Ńlá àti Síléètì Olówó Pọ́ọ́kú

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ lórí owó ilé-ẹ̀kọ́ nínú abala yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé lórí ohun tí owó náà ń rà. Mẹ́rin nínú wọn dá lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn pátákó ìgbàlódé tí ó ń dáhùn sí ìfọwọ́kàn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní smart board, àti àwọn ẹ̀rọ tí ó ń bá a rìn ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú nítorí àyè, ṣùgbọ́n n kò yí ìtumọ̀ wọn padà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá olùkọ́. Èmi ni mo ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan ní Kubwa ní Abuja. Àwọn òbí ti ń kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní òdìkejì títì nítorí pé smart board wà níbẹ̀. Mo ti kó owó díẹ̀ jọ. Oníṣòwò kan ní Wuse ní kí n ra projector pẹ̀lú pátákó rẹ̀, ẹlòmíràn ní kí n ra èyí tí ó dà bíi tẹlifíṣọ̀n ńlá. Èwo ni kí n rà, báwo ni n óò sì ṣe máa tan án? (Olùdásílẹ̀, Kubwa)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya àwọn ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀. Orúkọ ọjà ilé-iṣẹ́ kan ni SMART Board jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. SMART Technologies ti orílẹ̀-èdè Kánádà ni ó gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991, orúkọ náà sì di ti gbogbo irú rẹ̀, bí Omo ṣe di orúkọ gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun lọ́dọ̀ wa.

Oríṣi kìíní ni pátákó funfun tí projector ń tan àwòrán sí lójú. Nínú wọn, àwọn kan wà tí ojú wọn máa ń mọ ibi tí ìka bá tẹ̀. Àwọn kan kò mọ ìka rárá, àfi gègé tiwọn nìkan, bí gègé náà bá sì sọnù, pátákó ti di ògiri nìyẹn. Àwọn mìíràn ní iná àìrí tí ó ń kọjá láti etí kan sí èkejì, ibi tí ọwọ́ bá ti dí iná náà lọ́nà ni ẹ̀rọ máa gbà pé a fọwọ́ kàn. Oríṣi kejì ni èyí tí ó dà bíi tẹlifíṣọ̀n, tí kò nílò projector, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní kọ̀ǹpútà tiwọn nínú.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, oríṣi kejì ni n óò rà, ẹyọ kan ṣoṣo. Ọyẹ́ ni ìdí rẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì ni eruku tí ó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ máa ń bo Abuja mọ́lẹ̀, projector sì ní fáànù tí ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé kí ẹ̀rọ má baà gbóná jù. Bí asẹ́ tí ó ń gba eruku dúró bá ti dí, ẹ̀rọ á gbóná, á pa ara rẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́, gílóòbù rẹ̀ á sì tètè jó. Yàtọ̀ sí èyí, fèrèsé pọ̀ ní kíláàsì wa, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán a sì máa pa àwòrán projector rẹ́ títí ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn kò fi ní rí ju òjìji ọwọ́ olùkọ́ lọ. Oríṣi kejì náà kò bọ́ lọ́wọ́ eruku pátápátá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo iná àìrí kan náà ní etí wọn, bí ìdọ̀tí bá sì kó síbẹ̀, ẹ óò rí i tí pátákó ń fa ìlà fúnra rẹ̀ bí ẹni pé iwin ń gbé inú rẹ̀. Aṣọ gbígbẹ tí ó rọ̀, láràárọ̀, ti tó fún un.

Ní ti iná, àdúgbò tí ó bá wà ní Band A, ìyẹn ìpín tí owó iná rẹ̀ ga jù, ni wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ibi tí òpópónà tiyín bọ́ sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣírò bí ẹni tí kò ní iná rárá. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ẹ óò rí iye wáàtì tí ó ń jẹ. Ká ní 200 ni, tí ẹ sì ń tan án fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, wáàtì-wákàtí 800 ni yóò jẹ. Bátìrì inverter kan tí ó jẹ́ volt 12, tí wọ́n kọ 200Ah sí lára, ní 2,400 nínú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fa bátìrì olómi ju ìdajì rẹ̀ lọ bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́. Ó ku 1,200, inverter fúnra rẹ̀ á sì jẹ díẹ̀ nínú ìyẹn. Bátìrì kan tó fún pátákó kan. Bí ẹ bá wá so fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 75 mọ́ ọn fún wákàtí mẹ́rin kan náà, 600 mìíràn ti wọlé, ìṣirò wa sì ti dàrú. Mo sì mọ̀ pé bí ooru oṣù Kẹta bá dé, kò sí olùkọ́ tí kò ní so fáànù. Ẹ yáa ra bátìrì méjì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tí ó ń tà á gbé e wá tàn nínú kíláàsì yín gan-an ní aago méjìlá ọ̀sán, kí ẹ sì lọ jókòó sí bẹ́ńṣì ìkẹyìn. Ẹ má jẹ́ kí ó ta áàpù ọdọọdún fún yín, nítorí pé OpenBoard wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lásán. Ẹ tún kó gbogbo máàkà tí kì í parẹ́ kúrò ní kíláàsì náà. Mo ti rí ibi tí olùkọ́ ti ìsinmi Kérésìmesì dé, tí ó gbàgbé pé wọ́n ti pààrọ̀ pátákó, tí ó sì fi máàkà páálí kọ déètì gàdàgbà sí ojú ẹ̀rọ tuntun. Wọ́n fi máàkà pátákó funfun tọ orí ìkọ̀wé náà, wọ́n nù ún kíá, ó sì parẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò tètè balẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Kíláàsì kẹta ni mo ń kọ́ ní Kaduna, ọmọ 58 ni mo ní. Wọ́n gbé smart board wá fún wa ní sáà tí ó kọjá. Bí mo bá pe ọmọ kan jáde kí ó wá fọwọ́ kàn án, inú tirẹ̀ á dùn, ṣùgbọ́n àwọn 57 yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Bí n kò bá sì pe ẹnikẹ́ni, sinimá lásán ni a ń wò. Kí ni kí n ṣe? (Olùkọ́ Kíláàsì Kẹta, Kaduna)

Ìdáhùn: Olùkọ́, ẹ ti fọwọ́ ba ohun tí àwọn tí ó ń ta ẹ̀rọ yìí kì í sọ. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú kan péré níwájú pátákó, ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 35 kò ní kan ju ọmọ 35 lọ, bí ẹ̀yin kò bá tilẹ̀ la ẹnu. Ẹnì kan ṣoṣo ni pátákó yín lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin sì ní ọmọ 58.

Ẹ rìn dé ilé kéwú tí ó wà nítòsí yín. Ó lè má sí iná níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó gbé wàláà tirẹ̀ lọ́wọ́, tí ó ń kọ tirẹ̀, tí ó ń ka tirẹ̀, tí ó sì ń fọ̀ ọ́ kí ó tó kọ òmíràn. Ohun tí kíláàsì yín ṣaláìní nìyẹn. Ẹ ṣe síléètì fún wọn: ẹ gé páálí, ẹ fi bébà funfun bò ó lójú, ẹ fi í sínú ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀ kedere, ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Máàkà pátákó funfun á kọ ọ́, àkísà á sì nù ún. Àpapọ̀ síléètì 58 kò lè tó owó gègé kan tí ẹ bá sọ nù lára àwọn pátákó olówó ńlá mìíràn.

Ẹ wo bí mo ṣe máa ń kọ́ ìdá. Mo máa ń ya máàsà, àkàrà ìrẹsì rìbìtì, méjì tí ó tóbi bákan náà sí ojú pátákó, n kò sì ní tíì gé nǹkan kan. Mo á béèrè pé: nínú ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin, èwo ni ẹ fẹ́ kí n bù fún yín? Kí olúkúlùkù kọ ìdáhùn sí síléètì rẹ̀, kí ó da ojú rẹ̀ dé orí tábìlì, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí gbogbo síléètì sì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á kọ ti mẹ́rin, nítorí pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ lójú ọmọdé. Ẹ má tíì sọ pé wọ́n ṣì í. Ẹ ní kí ẹni tí ó kọ ti mẹ́rin ṣàlàyé fún ẹni tí ó kọ ti mẹ́ta, ní èdè tí ẹnu wọn bá yá sí. Haúsá ni ó máa jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wọn ní Kaduna, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn bá ti gbóná ni kí ẹ tó gé máàsà kan sí mẹ́ta, kí ẹ gé èkejì sí mẹ́rin, kí ẹ pe ọmọ kan tàbí méjì kí wọ́n fi ìka fa ègé kan jáde láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gbé ọ̀kan gun orí èkejì.

Ibẹ̀ ni pátákó ti tó owó rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì lè ya máàsà, ṣùgbọ́n kò lè gbé ègé rẹ̀ rìn. Lẹ́yìn náà, ẹ tún béèrè òmíràn, ìdá kan nínú márùn-ún àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, kí síléètì tún gòkè, nítorí pé ìgbà yìí ni ẹ óò mọ ẹni tí ó yé àti ẹni tí ó kàn ń wo ojú aládùúgbò. Ní gbogbo àsìkò yìí, ọmọ kan péré tàbí méjì ni ó fọwọ́ kan pátákó, kò sì sí ẹni tí ó jà.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ya máàsà fúnra yín, eré lórí ìdá wà nínú PhET, àkójọ eré ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tí Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001, dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè gbà á sílẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, kí ẹ máa lò ó níbi tí kò sí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi wà ní kíláàsì kejì ní Lugbe. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kí a ra tábúlẹ́ẹ̀tì, pé wọn kò ní lo ìwé mọ́. Ọmọ yìí kò tíì mọ pẹ́ńsù dì mú dáadáa. Ṣé kí n gbà, ṣé kò sì ní ba ojú rẹ̀ jẹ́? (Bàbá Àwọn Ọmọ, Lugbe)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ lè gba tábúlẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí ìwé àti pẹ́ńsù lọ. Sweden, tí ó ti ṣíwájú wa púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ìwé títẹ̀ àti ìfọwọ́kọ̀wé fún àwọn ọmọdé ní 2023. Ní ọdún kan náà, UNESCO kọ ọ́ nínú ìròyìn ọdọọdún rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ pé ẹ̀rí tí ó dájú lórí èrè tí ẹ̀rọ ń mú wá sí kíláàsì kò pọ̀.

Nílé wa níbí, ní 2007, wọ́n pín kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ kékeré fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima ní Abuja, lábẹ́ ètò One Laptop per Child. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde pé àwọn ọmọ kan ti rí ọ̀nà dé ibi tí kò yẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi ohun ìdènà sí i. N kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni, ọmọdé á ṣí ilẹ̀kùn tí àgbà kò bá tì. Ohun tí ẹ óò bi ilé-ẹ̀kọ́ léèrè ni bóyá tábúlẹ́ẹ̀tì náà nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Áàpù Kolibri tí àjọ Learning Equality ṣe ń pín ẹ̀kọ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo sí gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì inú kíláàsì láìsí dátà. Ilẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀ kò ní nílò àgádágodo.

Ní ti ojú, kí ó má gbé e sún mọ́ ojú jù, kí ó sì máa ṣeré níta lójú mọmọ lójoojúmọ́, nítorí pé èyí ń dín àìríran ọ̀ọ́kán kù lára ọmọdé. Bí ó bá ń fún ojú pọ̀ kí ó tó rí pátákó, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Gwagwalada. Bí mo bá fi gègé kọ ọ̀rọ̀ sí pátákó, á sọ ọ́ di lẹ́tà títẹ̀, á sì jẹ àmì ohùn. Èyí tí mo tẹ̀ láti ilé náà, àpótí kéékèèké ni ó ń hàn níbi àmì. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé kí n kúkú fi àmì sílẹ̀. (Olùkọ́ Èdè, Gwagwalada)

Ìdáhùn: Ẹ má fi í sílẹ̀ o. Bí àmì bá lọ, igbá, igba, ìgbà àti igbà ti di ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn ọmọ yín tí Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì yí ká kò sì ní ibòmíràn tí wọn yóò ti mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Wàhálà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ní. Èyí tí ó ń jẹ àmì ni ètò tí ó ń yí ìfọwọ́kọ̀wé padà sí lẹ́tà títẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ pa á, kí ìkọ̀wé yín dúró bí ọwọ́ yín ṣe kọ ọ́. Èyí tí ó ń fi àpótí hàn jẹ́ nítorí pé irú lẹ́tà tí ó wà nínú pátákó náà kò ní àmì wa. Ẹ fi irú lẹ́tà tí ń jẹ́ Charis SIL sí i, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń gbé àmì orí àti àmì abẹ́ papọ̀ láìdàrú. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ fi nǹkan kan sínú ẹ̀rọ, ẹ sọ ìwé yín di PDF nílé, nítorí pé PDF máa ń gbé irú lẹ́tà tirẹ̀ dání.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dán wò. Ẹ fi fóònù gba ohùn àwọn ọmọ náà sílẹ̀ bí wọ́n ti ń pe ọkọ́, ọkọ, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, kí ẹ gbé ohùn kọ̀ọ̀kan sí ojú ìwé OpenBoard lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀, láìkọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ kan á tẹ ohùn, àwọn yòókù á kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì sí síléètì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kí ẹ sì gba ohùn náà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò bá dún.