Ìyá Alájé Dáhùn: Owó Ṣọ́ọ̀bù Mi Kì Í Pé Ní Ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọbìnrin méjì tó jáde ìwé mẹ́wàá, àwọn méjèèjì ló sì ń gba owó. Tí a bá kà á nírọ̀lẹ́, kì í pé. Lónìí ẹgbẹ̀rún méjì á kù, lọ́la ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta á lé. Mo yọ èyí tó kù nínú owó oṣù wọn, ni èyí àbúrò bá bú sẹ́kún pé òun ò jí nǹkan kan. Ṣé olè ni wọ́n ni, àbí wọn ò mọ owó kà? Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, àwọn ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà o. Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú nínú ìwé rẹ ni pé owó náà ń lé nígbà míì. Ẹni tó ń jí owó kì í sábà fi kún un. Ṣéńjì ni wọ́n ń ṣì. Jọ̀wọ́, dá owó àwọn ọmọ náà padà. Abala 5 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí ọ̀gá máa yọ owó oṣù òṣìṣẹ́ bí ìtanràn. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fa àdánù, àfi kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé.

Lẹ́yìn náà, má jẹ́ kí ọwọ́ méjì máa wọ inú àpótí owó kan mọ́. Kí kálukú ní tirẹ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Láàárọ̀, ka owó ṣéńjì fún un lójú rẹ̀, kí òun náà tún un kà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí o bá fún un ní ₦10,000, tó sì ta ọjà ₦46,500 lówó ọwọ́, ₦56,500 ló gbọ́dọ̀ bá ọ nírọ̀lẹ́. Ìwé ọ̀tọ̀ ni kí o ní fún tìráńsífà àti POS. Ọ̀pọ̀ owó tí a ń pè ní "ó kù" ló jẹ́ pé báńkì ló wọ̀, tí wọ́n kọ ọ́ mọ́ owó ọwọ́.

Ní ti ṣéńjì fúnra rẹ̀, mo fẹ́ kí o farabalẹ̀ níbí. Mo gba owó nílé ìtajà ńlá kan ní Dùgbẹ̀ nígbà tí ogún náírà ṣì ni owó tó tóbi jù. Ọ̀gá wa obìnrin kò gbà kí owó oníbàárà wọnú àpótí kí ṣéńjì tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Orí káńtà ló ń wà. Kí ọmọ rẹ kọ́kọ́ pè é sókè: "Ẹgbẹ̀rún kan lẹ fún mi, mà." Kó wá máa ka ṣéńjì gòkè láti orí iye ọjà. Tí ọjà bá jẹ́ ₦650, kó fi àádọ́ta lélẹ̀, kó ní "ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin", kó fi ọgọ́rùn-ún sí i, "ẹgbẹ̀rin", kó fi igba sí i, "ẹgbẹ̀rún." Kò nílò fóònù. Ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn iye tó mú wá, owó rẹ̀ wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wò ó.

Àwọ̀ owó náà ń tan ọmọ tuntun jẹ. Láti ìparí 2022 ni igba tuntun ti di pupa, tí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta di àwọ̀ ewé, tí ẹgbẹ̀rún di búlúù, a sì ń ná wọn pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Kí wọ́n máa wo àwòrán. Ènìyàn méjì ló wà lórí ẹgbẹ̀rún, Azikiwe nìkan ló wà lórí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Lọ́jọ́ kan, tètè ti ṣọ́ọ̀bù, kí ìwọ fúnra rẹ ṣe oníbàárà. Mú owó yíya wá. Ra ọṣẹ kan, san ẹgbẹ̀rún, tí ó bá ń ka ṣéńjì lọ́wọ́, kí o ní: "Dúró, mo ní igba lọ́wọ́, gba èyí, kó o dá ẹgbẹ̀rún mi padà." Bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe ń dà wọ́n láàmú nìyẹn, ó sì ń dùn mí gan-an nítorí ọmọ tó bá ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ló máa ń kó sí i. Kọ́ ọ kó dá gbogbo ṣéńjì náà padà sínú àpótí, kó ní "Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Tún un ṣe títí ẹnu rẹ̀ á fi yọ̀ mọ́ ọn.

Nírọ̀lẹ́, kó to owó ní irú kan náà, kó kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá lórí tábìlì, lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Rọ́bà ni kó fi dì í. Kó má fi pín-ìnnì gún un, kó má kọ nǹkan sí i lára. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ka méjèèjì sí ẹ̀ṣẹ̀. Jẹ́ kó kọ iye tó kà sílẹ̀ kí o tó sọ iye tí ìwé rẹ ń wí. Èyí tó lé àti èyí tó kù, ìwé kan náà ni kí ẹ kọ wọ́n sí, láìsí ariwo.

Tí oṣù kan bá kọjá, tí àpótí ẹnì kan ṣoṣo ṣì ń kù tí kì í lé, kọ̀wé sí mi padà. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.